Òróró Míǹtì fún Ẹ̀fọ́rí: Ohun Tí Àyẹ̀wò Fi Hàn

Ẹ̀fọ́rí ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́rí. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni èyí tó máa ń fún orí yíká, láti iwájú orí títí dé ìpàkọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá we gèlè fún ènìyàn tí wọ́n sì fà á le kọjá bó ṣe yẹ. Kì í lu ènìyàn lórí bíi túúlu, kì í sì í sábà dá ẹ̀gbẹ́ kan orí mú. Ẹni tó ń ṣe á ṣì lè rìn, á lè gun àtẹ̀gùn, á lè jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Kì í mú ènìyàn bì. Ṣùgbọ́n ara ẹni náà kò ní yá, kò sì ní lè fọkàn sí ohunkóhun bó ṣe fẹ́. Ó lè má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó fi ènìyàn sílẹ̀, ó sì lè wà lára títí di ọjọ́ 7. Nínú gbogbo ẹ̀fọ́rí tó ń bá ọmọ aráyé jà, òun ló wọ́pọ̀ jù lọ. Tension headache ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù. Ẹ̀fọ́rí afúnnilórí ni n ó máa pè é títí tí ọ̀rọ̀ wa yóò fi parí.

Ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó tẹ orí ba sórí fóònù láti àárọ̀, ẹni tí ebi ń pa tí kò ráyè jẹun, ẹni tí kò sùn tó, ẹni tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ gbà lọ́kàn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Iṣan ọrùn àti ti orí á le, bí a bá fọwọ́ tẹ̀ wọ́n, á máa dunni. Kí a tó rántí lọ ra Panadol, ọ̀pọ̀ wa á ti nawọ́ sí Robb tàbí Aboniki. A ó fi ìka bù díẹ̀, a ó fi ra iwájú orí àti ẹ̀bátí méjèèjì, a ó sì dijú fún ìgbà díẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, òróró ewé míǹtì ni wọ́n ń fi ra ẹ̀bátí. Láàárín àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Singapore, Tiger Balm ni. Ìdílé Aw ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Rangoon, ní ilẹ̀ Burma, ní àwọn ọdún 1870, kí àwọn ọmọ wọn tó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Singapore. Bí ẹ bá ṣí àwọn agolo àti ìgò wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, òórùn kan náà ni yóò kọ́kọ́ kan yín nímú. Menthol ni. Òun náà ló ń mú kí TomTom tutù lọ́fun. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a dáhùn ni pé: ṣé ohun tí a ń fi ra orí yìí ń lé ẹ̀fọ́rí lọ lóòótọ́, àbí òórùn rẹ̀ tó ń ta sánsán ló kàn ń tù wá nínú?

Ewé tí n ó fi dáhùn ni pẹpamíǹtì, nítorí pé òun ni wọ́n ti dán wò dáadáa jù. Ọmọ àdàpọ̀ ni ewé náà: míǹtì tó ń hù létí omi àti míǹtì tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà ilé ló para pọ̀ tí òun fi jáde. Kì í so èso tó ṣeé gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ń rá lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni John Ray, onímọ̀ ewéko, ti kọ nípa rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, pé ó yàtọ̀ sí àwọn míǹtì yòókù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1721, orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé oògùn ìlú London. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mitcham, ìlú kékeré kan tó wà lẹ́bàá London nígbà náà, di ìlú oko pẹpamíǹtì. Bí wọ́n ṣe ń rí òróró rẹ̀ ni pé wọ́n á jẹ́ kí ooru omi gbígbóná gba àárín ewé náà kọjá, ooru á gbé òróró dání, wọ́n á mú un tutù padà di omi, òróró á sì léfòó sókè kí wọ́n tó bù ú. Bí a bá pín òróró yìí sí ọ̀nà 100, menthol nìkan á tó ọ̀nà 30 sí 55 nínú rẹ̀.

Pé àwọn àgbà ti ń lo nǹkan láti ayébáyé, ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí ní ìwà kan tó máa ń da ẹ̀rí rú: ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi Robb ra orí ní aago méjì ọ̀sán, tí ẹ̀fọ́rí sì lọ ní aago mẹ́ta, Robb ni yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mu omi tútù ní aago méjì, omi ni yóò máa yìn. Ẹni tó gbàdúrà, ẹni tó sùn díẹ̀, ẹni tó mu àgbo, oníkálukú ló ní ohun tó ń yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé ṣe kí ẹ̀fọ́rí gbogbo wọn lọ ní aago mẹ́ta náà bí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbàgbọ́ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti lo oògùn, ara á tù ú díẹ̀ lóòótọ́. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára oògùn kan gbọ́dọ̀ fi wé ohun tó jọ ọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, ẹni tó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun.

Fún oògùn oníhóró, èyí kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni lè ṣe hóró funfun méjì tó rí bákan náà, kí ọ̀kan jẹ́ oògùn, kí èkejì jẹ́ òfìfo. Ti òróró míǹtì ló le, torí pé bí ẹ bá ṣí ìgò rẹ̀ báyìí, imú ti sọ fún yín.

Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn ará Kiel ti wú mi lórí. Kiel jẹ́ ìlú etí òkun ní àríwá ilẹ̀ Jámánì. Hartmut Göbel, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1996. Àwọn ènìyàn 41 ló bá wọn kópa, ọkùnrin àti obìnrin, láti ọmọ ọdún 18 sí 65, tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́rí afúnnilórí ló ń ṣe gbogbo wọn. Nínú ìgò àkọ́kọ́, gíráàmù 10 òróró pẹpamíǹtì ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì fi ethanol, ọtí tí wọ́n fi ń po oògùn, kún un títí gbogbo rẹ̀ fi di gíráàmù 100. Nínú ìgò kejì, ọtí náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n kán òróró bíńtín sí i, kìkì kí ó lè máa ta sánsán bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún ní hóró oríṣi méjì: ọ̀kan jẹ́ paracetamol, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ míllígíráàmù 1000, èyí tó bá hóró méjì tí a sábà ń lò mu, èkejì jẹ́ òfìfo.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan tọ́jú ẹ̀fọ́rí mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan, ìgò gidi pẹ̀lú hóró gidi. Lẹ́ẹ̀kan, ìgò gidi pẹ̀lú hóró òfìfo. Lẹ́ẹ̀kan, ìgò òfìfo pẹ̀lú hóró gidi. Lẹ́ẹ̀kan, òfìfo pẹ̀lú òfìfo. Bí èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e ṣe rí kò dọ́gba láàárín wọn, aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà náà kò mọ̀. Àpapọ̀ ẹ̀fọ́rí tí wọ́n gbé yẹ̀ wò jẹ́ 164. Wọ́n ní kí oníkálukú fi omi inú ìgò ra iwájú orí àti ẹ̀bátí káàkiri, kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ó sì tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ó tún gbọ́dọ̀ kọ bí ìrora náà ṣe rí sínú ìwé kékeré kan ní ìṣẹ́jú 15, 30, 45 àti 60.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ìrora àwọn tó lo ìgò gidi ti dín kù ju ti àwọn tó lo òfìfo lọ, ìyàtọ̀ náà sì ju ohun tí a lè pè ní èèṣì. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí wákàtí kan fi pé. Paracetamol náà ṣiṣẹ́ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá fi òróró wé paracetamol, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbámú láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà tí ẹni kan náà sì lo méjèèjì pọ̀, ìtura rẹ̀ ju ti ọ̀kan ṣoṣo lọ. Kò sí ẹni tó ròyìn pé òróró náà ṣe òun ní jàǹbá.

Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú mi sì ṣì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa, nítorí ìlera wa ni. Ènìyàn 41 kò pọ̀. Nínú àwùjọ tó kéré bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré lè fara pamọ́. Bí wọn kò bá rí ìyàtọ̀ láàárín òróró àti paracetamol, ìyẹn kò tó láti búra pé agbára wọn dọ́gba. Wákàtí kan péré ni wọ́n sì wò. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ń pẹ́ títí dalẹ́, ìwé náà kò sọ bí alẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Nǹkan mìíràn tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ ìgò òfìfo náà. Òórùn rẹ̀ lè tan imú jẹ, ṣùgbọ́n awọ ara kò rọrùn láti tàn: ẹni tó bá ti fi ìgò gidi ra orí lánàá, tí ó wá fi òfìfo rà á lónìí, ó ṣeé ṣe kó fura pé tòní kò tutù tó tàná. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú àyẹ̀wò kan jáde tó gbìyànjú láti ṣe òtítọ́ sí oògùn ewé, tí kò ṣe ojúsàájú sí i, tí kò sì dìtẹ̀ mọ́ ọn, èyí ni mo máa ń mú jáde.

Àyẹ̀wò náà kò sì dá wà. Ní ọdún 1996 kan náà, ní Australia, wọ́n fi Tiger Balm dán an wò lára àwọn ènìyàn 57 tó lọ rí dókítà àdúgbò wọn nítorí ẹ̀fọ́rí afúnnilórí. Àwọn kan lo Tiger Balm, àwọn kan lo òfìfo, àwọn kan lo paracetamol. Tiger Balm borí òfìfo. Láàárín òun àti paracetamol, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì. Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìpara inú agolo, tí menthol àti kánfọ̀ wà nínú rẹ̀, ni Tiger Balm, ó sì sún mọ́ Robb tiwa ju ìgò ọlọ́tí ti Kiel lọ. Fún túúlu pẹ̀lú, àwọn dókítà ní Shiraz, ní ilẹ̀ Iran, tẹ àyẹ̀wò kan jáde ní 2010 tí wọ́n fi omi menthol onídàá 10 nínú 100 ra iwájú orí àti ẹ̀bátí ènìyàn 35, òun náà sì ṣe dáadáa ju òfìfo lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ túúlu gùn ju ètò tòní lọ.

Báwo wá ni òróró tí a fi ra awọ ara ṣe ń dé ibi tí orí ti ń fọ́? Nínú awọ ara wa, àwọn ẹ̀ka iṣan kéékèèké wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ fún ọpọlọ pé òtútù ń mú. Lẹ́nu àwọn iṣan yìí ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí òtútù ń ṣí. Ní ọdún 2002, David Julius àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní San Francisco, àti Ardem Patapoutian àti àwọn tirẹ̀ ní ìlú mìíràn ní California kan náà, rí ilẹ̀kùn yìí ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, menthol ni wọ́n sì fi wá a kàn. TRPM8 ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021 fún iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn. Menthol máa ń ṣí ilẹ̀kùn náà láìsí òtútù kankan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan iwájú orí ẹni tó fi í ra ara, ẹ ó rí i pé kò tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìròyìn tó ń dé ọpọlọ rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ti tutù. Ìròyìn òtútù yìí àti ìròyìn ìrora jọ ń gba ọ̀nà kan ni, ó sì dà bí ẹni pé ti òtútù ń dènà mọ́ ti ìrora. Ní 1994, Göbel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dán òróró wò lára ènìyàn 32 tí ara wọn le. Òróró pẹpamíǹtì nínú ọtí dín bí wọ́n ṣe ń mọ ìrora kù. Nígbà tí wọ́n po òróró yúkálíptọ́ọ̀sì mọ́ ọn, iṣan orí dẹ̀, ọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ rí i pé àfikún ewé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àfikún agbára.

Àjọ tó ń bójú tó oògùn fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, European Medicines Agency, ní ẹ̀ka kan tó ń yẹ oògùn ewé wò. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń pín wọn sí. Ọ̀kan ni ti àṣà: ewé tí wọ́n ti lò fún ó kéré tán ọgbọ̀n ọdún, tí lílò rẹ̀ kò sì léwu, wọ́n á gbà á láyè nítorí pé ó ti pẹ́ nílẹ̀. Èkejì ga ju ìyẹn lọ, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti jẹ́rìí sí i. Òróró pẹpamíǹtì tí a fi ra awọ ara fún ẹ̀fọ́rí afúnnilórí tí kò le púpọ̀ wà ní ipò kejì yìí. Àwọn dókítà ẹ̀fọ́rí ní Jámánì náà ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ohun tí ènìyàn lè fi tọ́jú ara rẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àgbàlagbà. Wọ́n ní iwájú orí àti ẹ̀bátí. Wọ́n ní ìdá 10 nínú 100. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìṣẹ́jú 15 wà láàárín. Wọ́n ní ẹ̀fọ́rí afúnnilórí. Gbogbo ohun tí ẹ̀rí náà sọ kò kọjá ìyẹn. Òróró ògidì tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré ní ilé ìtajà, tí wọn kò fi nǹkan kan là, lágbára ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tí wọ́n dán wò lọ, ó lè jó awọ ara. Kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ kan egbò, a kò sì gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó bá sì fi èyí tí wọ́n fi ọtí pò ra orí kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná àdògán kó tó gbẹ.

Ní ti ọmọdé, mo bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa àti àwọn ìyá àgbà máa ń fi Robb sí ọmọ ìkókó nímú nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dí i, tí wọ́n á sì fi ra àyà rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n bí menthol bá gba imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wọlé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè sún kì, èémí rẹ̀ lè dúró lójijì. Ìdí nìyí tí àjọ Yúróòpù náà fi ní a kò gbọdọ̀ lo òróró yìí rárá fún ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjì.

Ewu kejì wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ní pàtàkì, àwọn dókítà tiwa ló sì sọ ọ́. Ní 1980, S. A. Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, tẹ ìwé kan jáde nípa ewu ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fún àwọn ọmọ tuntun tí menthol kàn, tí èròjà G6PD kò sì tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ransome-Kuti yìí náà ló di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985. Èròjà G6PD ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún àwọn ọmọkùnrin wa ni kò ní in tó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀, nítorí pé ara wọn le títí di ìgbà tí wọ́n bá pàdé ohun tí kò bá ẹ̀jẹ̀ wọn mu. Menthol wà lára ohun tí àwọn dókítà yìí ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Kánfọ̀ róbótó tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ burú jù ú lọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ á máa túká, ojú rẹ̀ á pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, bí wọn kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó lè sọ ọmọ di adití. Nítorí náà, agolo Robb tó wúlò fún bàbá tí orí ń fọ́ lè pa ọmọ rẹ̀ ọjọ́ mẹ́jọ lára nínú yàrá kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí nílẹ̀ wa gbọ́ nìyí. Efinrin tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ìbátan ni òun àti míǹtì; ìdílé ewé kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n thymol ló sábà máa ń pọ̀ nínú òróró efinrin, kì í ṣe menthol, nítorí náà ẹ̀rí pẹpamíǹtì kò ṣeé yá fún un. Efinrin gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Kí sì ni Kiel lò? Ènìyàn 41, ìgò oríṣi méjì, hóró oríṣi méjì, ìwé kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti aago. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá níbẹ̀. Ẹ̀fọ́rí kò wọ́n ní Ìbàdàn, efinrin kò wọ́n ní Ìbàdàn, onímọ̀ ìṣègùn àti apòògùn tó mọṣẹ́ kò wọ́n níbẹ̀. Ó ń dùn mí pé ewé àwọn ará ibòmíràn ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti 1996, tí a sì ń ta tiwa nínú ìgò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Bí ẹ bá wo ara ọ̀pọ̀ àgbo inú ike tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ó rí gbólóhùn kékeré kan lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtajà sọ pé ó ń wò wò. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti fi àgbo náà wé òfìfo rí. Ẹ máa ka gbólóhùn yẹn kí ẹ tó sanwó.

Kí n tó kúrò níbí, ó ku ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀fọ́rí tí a ń jẹ lájẹjù. Ẹni tó bá ń lo paracetamol ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tó sì ti ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Fún oògùn alápòpọ̀, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti fa wàhálà. Alabukun tí Jacob Odulate ti Abẹ́òkúta ṣe, tí àwọn ènìyàn ń bù lá láti ayé àwọn bàbá wa, alápòpọ̀ ni: aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Kò yẹ fún ọmọdé, kò sì yẹ fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Ìdí kan nìyí tí mo fi ń gba tòróró yìí rò fún àgbàlagbà: bí orí bá ń fọ́ ènìyàn lóòrèkóòrè, ó lè fi òróró tọ́jú díẹ̀ nínú wọn, kí iye ọjọ́ tó ń jẹ hóró lè dín kù. Ẹ fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ní gbogbo ọjọ́ tí orí bá fọ́ yín àti ọjọ́ tí ẹ bá lo oògùn. Bí àmì ẹ̀fọ́rí bá ń tó 15 lóṣù, ẹ mú kàlẹ́ńdà náà lọ fún dókítà.

Àwọn ẹ̀fọ́rí kan sì wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara tàbí ewé kankan dán wò. Èyí tó bá dé lójijì gbàà, tó sì le ju gbogbo èyí tí ẹ ti ní rí. Èyí tí ibà bá a dé tí ọrùn sì gan. Èyí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ẹni náà lẹ́nu. Èyí tó tẹ̀lé ìṣubú tàbí jàǹbá ọ̀kadà. Ti aboyún tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ wú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Ti ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí irú ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀ kò ṣe rí. Ẹni ọdún àádọ́ta yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí kó tó rí dókítà. Àwọn yòókù, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ àárín òru.